Ṣé kọ̀ǹpútà kékeré tòkunbọ̀ lè gbé ìkànnì ilé-ìwé dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ìwé aládàáni kan ni mò ń darí n'Íbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ bíi 300. Ìkànnì wa, àti ibi tí àwọn òbí ti ń wo èsì ìdánwò, wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Dọ́là ni à ń san, owó náà sì ń wúwo sí wa lọ́rùn sí i. Ẹnìkan ní kí n ra kọ̀ǹpútà kékeré tòkunbọ̀, kí n fi ṣe sáfà (ẹ̀rọ tó ń gbé ìkànnì fún àwọn tó bá ṣí i) sínú ọ́fíìsì. Ṣé ó ṣeé ṣe? Irú èwo ni kí n rà? Iná NEPA ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ó ṣeé ṣe, ó sì yẹ iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n bíi tiyín. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ kéré jù. Òbí 300 kò lè mú ẹ̀rọ tó ti lo ọdún mẹ́jọ pàápàá láàárẹ̀. Iná ló ń pa sáfà inú ilé, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tí ará ìta máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí owó yín wọlé sí, kì í ṣe ara ẹ̀rọ tó ń sáré.

Ẹ̀rọ tó yẹ yín ni èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lókè òkun ń lò lórí tábìlì òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń tà dànù lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Lenovo ń pe tirẹ̀ ní ThinkCentre Tiny, Dell ń pè é ní OptiPlex Micro, HP ń pè é ní EliteDesk Mini tàbí ProDesk Mini. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 níbùú lóòró, sísanra rẹ̀ kò sì tó 4. Ẹ wá èyí tó ní Intel Core i5 ìran kẹfà tàbí ìkeje, tí lẹ́tà T wà lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, bíi i5-6500T tàbí i5-7500T. Lẹ́tà T yẹn ṣe pàtàkì: wáàtì 35 ni wọ́n ṣe é fún, nígbà tí i5-7500 tí kò ní T jẹ́ ti wáàtì 65. Bí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, bíi wáàtì 10 ni gbogbo ẹ̀rọ náà ń jẹ, ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ọjọ́ ni kò sì ní níṣẹ́ lọ́wọ́. Mẹ́mọ́rì 8GB tó, 16GB dára jù. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi sínú láptọ́ọ̀pù, nítorí náà kò ṣòroó rí.

Ẹ ra ẹ̀rọ ní tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ra SSD (díìsìkì inú rẹ̀ tí àwọn fáìlì ń wà) ní tuntun. 256GB pọ̀ tó. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́, ẹ ó ra òmíràn. Èsì ìdánwò ọdún mẹ́ta tó bá sọnù kò ṣeé rà lọ́jà. Ìdí yìí náà la fi ń yẹra fún àwọn pátákó kéékèèké bíi Raspberry Pi tó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì mẹ́mọ́rì bíi ti fóònù: bí iná bá ń já lé e lórí léraléra, káàdì yẹn ló kọ́kọ́ ń kú.

Bóyá Computer Village ní Ìkẹjà lẹ ti fẹ́ rà á ni o, bóyá ìtòsí yín ni, ẹ má ṣe sanwó kẹ́ ẹ tó rí i kó tàn níwájú yín. Ẹ tẹ F1 bó bá jẹ́ Lenovo, F2 bó bá jẹ́ Dell, F10 bó bá jẹ́ HP, kẹ́ ẹ wọ inú BIOS (ètò inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀). Bó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí òǹtajà kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í pa, ẹ kò sì ní lè yí ètò kankan padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ṣájà rẹ̀. Lenovo ń lo fóòtì 20, Dell àti HP ń lo 19.5, ẹ̀rọ náà sì máa ń dá ṣájà tirẹ̀ mọ̀. Dell ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan láàárín ẹnu ṣájà tó fi ń dá a mọ̀. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá ti ṣẹ́ tàbí tí ṣájà náà jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ á kọ ìkìlọ̀ sójú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti torí èyí gbà pé kọ̀ǹpútà wọn ti gbó, bẹ́ẹ̀ ṣájà lásán ni.

Bẹ́ ẹ bá dé ilé, ẹ tú u kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun sí i. Lára Tiny, síkúúrù kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ ti ìdérí síwájú, á ṣí. Ẹ máa rí fáànù kékeré kan tí eruku ti dí àárín irin rẹ̀ bí òwú. Ẹ fi ìka di fáànù náà mú kó má yí, kẹ́ ẹ wá fẹ́ eruku náà jáde. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì roboto kan wà tó fẹ̀ bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n kọ sí i lára. Fóòtì 3 ló yẹ kó ní. Ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bátìrì yìí ló ń bá ẹ̀rọ náà rántí aago nígbà tí kò bá sí iná rárá. Nínú tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ ní wáàháùsì, ó sábà máa ń ti kú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: iná lọ pátápátá lóru, ó padà dé láago márùn-ún, ẹ̀rọ tàn, ó rí i pé aago òun ti padà sẹ́yìn, ó wá kọ ọ́ sójú pé kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì kí òun tó máa lọ. Kò sí kíbọ́ọ̀dù lára rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Iná wà, ráútà wà, ìkànnì kú.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà nínú BIOS, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ After Power Loss sí lórí Lenovo àti HP, tàbí AC Recovery lórí Dell, kẹ́ ẹ fi sí Power On. Láìsí èyí, gbogbo ìgbà tí iná bá já tó sì padà, ẹnìkan ní láti lọ tẹ̀ ẹ́ tàn.

Ọ̀rọ̀ iná gan-an wá kàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń jẹ wáàtì 12 bí a bá pa ìgbà iṣẹ́ àti ìgbà ìsinmi pọ̀, ráútà ń jẹ bíi 10. Ó di 22. Ínfátà náà ń jẹ tirẹ̀ kó tó fún ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ sí 40. Bátìrì tubular ti fóòtì 12, 220Ah, ní wáàtì-wákàtí 2,640 nínú, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì, ẹ ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Ìdajì jẹ́ 1,320. Ẹ pín in sí 40, wákàtí 33 nìyẹn. Bátìrì lithium ti fóòtì 12.8, 100Ah, jẹ́ 1,280. Ẹ lè lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ láìbẹ̀rù, wákàtí 25 ó lé díẹ̀ nìyẹn. Bí ilé-ìwé yín bá ti ní ínfátà, ẹ fà á sí i, kẹ́ ẹ sì wo bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń yàn láàárín UPS àti APL tàbí ohun tó jọ ọ́. UPS ni kẹ́ ẹ yàn, òun ló ń yára gba iná lọ́wọ́ NEPA kí kọ̀ǹpútà má baà mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá mọ́ ìlà ínfátà kan náà.

Àwọn kan máa ń yọ ínfátà kúrò láàárín pátápátá, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé fóòtì 12 sókè sí 20 fún kọ̀ǹpútà ní iná tààrà láti ara bátìrì. Ó dára, nítorí gbogbo ohun tẹ́ ẹ ó máa jẹ kò ní ju wáàtì 25 lọ, bátìrì lithium kan náà á gbé yín bíi wákàtí 40. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ ṣájà tó ń dá ara rẹ̀ mọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ iná ṣe é, kó fi fíùsì 10A sí ìdí bátìrì. Bátìrì tí wáyà rẹ̀ bá kanra láìsí fíùsì lè jó ilé.

Bátìrì á tán lọ́jọ́ kan ṣá, ó sì sàn kí sáfà fúnra rẹ̀ pa ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ju kí iná já mọ́ ọn lẹ́nu iṣẹ́. Bí ínfátà yín bá ní wáyà USB, ètò kan tó ń jẹ́ NUT lè máa bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá ní, ẹ wá ráútà àtijọ́ kan, ẹ fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so ó mọ́ ráútà yín, ṣùgbọ́n iná NEPA tààrà ni kẹ́ ẹ fún un, kì í ṣe ti ínfátà. Ẹ fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì, bíi 192.168.1.50, kẹ́ ẹ sì pa iṣẹ́ pípín àdírẹ́ẹ̀sì fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn lórí rẹ̀. Ó ti di ẹ̀ṣọ́ yín nìyẹn: bó bá ń dáhùn ping (ìpè kékeré tí ẹ̀rọ kan fi ń béèrè bóyá òmíràn wà), NEPA wà, bó bá dákẹ́, NEPA ti lọ. Kí ìwé àṣẹ kékeré kan (script) lórí sáfà máa pè é ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bó bá ti dákẹ́ fún wákàtí 20, kí sáfà ṣe èyí:

rtcwake -m off -s 14400

Ó máa pa ara rẹ̀, á sì jí lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Bó bá jí tí NEPA ò tíì dé, kó tún sùn. Ohun tó jẹ́ ká fẹ́ràn èyí ju kó kàn pa ara rẹ̀ lásán ni pé Power On inú BIOS kì í ṣiṣẹ́ àfi tí iná bá já pátápátá kó tó padà. Bí sáfà bá ti pa ara rẹ̀ nígbà tí bátìrì ṣì ní ìwọ̀nba díẹ̀, tí NEPA wá dé, ẹ̀rọ náà ò mọ̀ pé nǹkankan yí padà. Á wà ní pípa títí ẹnìkan á fi dé.

Ẹ yọ Windows tó bá wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi Debian 13 (irú Linux kan, òun ló máa rọ́pò Windows) sí i láti orí fláàṣì. Nígbà tó bá béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ má mú ojú-iṣẹ́ aláwòrán kankan. SSH server (èyí tẹ́ ẹ ó fi máa darí ẹ̀rọ náà láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn) àti standard system utilities nìkan ti tó. Wáyà ni kẹ́ ẹ fi so ó mọ́ ráútà, kì í ṣe Wi-Fi, kẹ́ ẹ sì ní kí ráútà máa fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, ká ní 192.168.1.10. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nginx (tó ń fi ojú ewé ránṣẹ́), PHP-FPM (tó ń ṣe ojú ewé náà) àti MariaDB (tó ń tọ́jú dátà) sí i. Bí WordPress tàbí ètò èsì ìdánwò tẹ́ ẹ ń lò bá ti ń ṣiṣẹ́ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, àwọn yìí náà ló ṣeé ṣe kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú mẹ́mọ́rì 8GB, ẹ fi innodb_buffer_pool_size (mẹ́mọ́rì tí MariaDB fi ń tọ́jú dátà) sí 1G, kẹ́ ẹ sì fi pm.max_children (iye PHP tó lè ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) sí 20. PHP kan lè gba bíi 60MB, nítorí náà 20 kò ní kọjá 1.2GB. Àwọn tó bá fi sí 200 nítorí pé wọ́n fẹ́ kó yára ni mẹ́mọ́rì wọn máa ń tán lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, tí Linux á wá pa MariaDB kó lè ríbi mí.

Ọ̀nà àtìta wọlé ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ẹ wọ ojú ewé ráútà yín, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì WAN rẹ̀ (èyí tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún un). Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí 192.168, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan. Bẹ́ ẹ bá ṣí pọ́ọ̀tù (ilẹ̀kùn lára ráútà) títí dọ̀la, kò sẹ́ni tó máa rí yín láti ìta. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara síìmù wá ṣe rí. Ẹ má bínú sí ráútà. Ọ̀nà àbáyọ ni kí sáfà yín fúnra rẹ̀ kàn jáde síta, kó di ọ̀nà náà mú ní ṣíṣí, kí àwọn òbí máa gba ibẹ̀ wọlé. Cloudflare Tunnel ń ṣe èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa kọ́kọ́ gbé orúkọ ìkànnì yín lọ sábẹ́ nameserver Cloudflare (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí orúkọ náà wà), kẹ́ ẹ fi cloudflared (ètò tó ń di ọ̀nà náà mú) sórí Debian, lẹ́yìn náà:

cloudflared tunnel login
cloudflared tunnel create ileiwe
cloudflared tunnel route dns ileiwe esi.orukoyin.com.ng

Nínú fáìlì config.yml, ẹ sọ fún un pé ohun tó bá wá fún orúkọ yẹn, kó gbé e fún http://localhost:80. Àṣẹ cloudflared service install ni yóò jẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá tàn. Bó bá kọ̀ láti so, ó lè jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì yín ń dí UDP (ọ̀nà tí cloudflared kọ́kọ́ máa ń gbà). Ẹ fi protocol: http2 sínú fáìlì náà. Bí òbí bá pè yín pé ìkànnì ò ṣí, ẹ béèrè nọ́ńbà tó rí lójú ewé: 1033 túmọ̀ sí pé sáfà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì yín ti lọ, 502 túmọ̀ sí pé ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n nginx ò dáhùn. Ìyàtọ̀ yìí nìkan lè gbà yín ní ìdajì ọjọ́. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé lórí ètò ọ̀fẹ́ wọn, fáìlì tó bá ju 100MB lọ kò ní gba ibẹ̀ gòkè, nítorí náà fídíò ayẹyẹ ìparí ọdún kò yẹ níbẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé àdírẹ́ẹ̀sì gidi ni ráútà yín ní, ẹ lè ṣí pọ́ọ̀tù 80 àti 443 sí 192.168.1.10, kẹ́ ẹ fi Let's Encrypt gba ìwé ẹ̀rí HTTPS. Àwa ṣì máa gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ lo ọ̀nà àkọ́kọ́, torí kò sí ilẹ̀kùn kankan tó ṣí sílẹ̀ lára ráútà yín.

Ọjọ́ tí èsì bá jáde ni ẹ máa mọ bí íntánẹ́ẹ̀tì yín ṣe lágbára tó. Iyàrá tẹ́ ẹ fi ń gbé nǹkan jáde ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń gbà á wọlé, òun ló sì sábà máa ń kéré jù. Ká ní ẹ ní 5Mb ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: KB 625 nìyẹn. Bí ojú ewé èsì bá wúwo tó 2MB nítorí àwòrán ilé-ìwé gbàgìdì tó wà lókè rẹ̀, òbí kan á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ó lé. Bí mẹ́wàá bá ṣí i pọ̀, ó ti lé ní 30, òmíràn á sì tún tẹ̀ ẹ́ nítorí ó rò pé kò ṣí. Ẹ dín ojú ewé náà kù sí 150KB, ó lè gbé mẹ́rin jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òbí 300 á sì ti rí ti wọn láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ẹ sọ àwòrán di WebP (irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́), kẹ́ ẹ sì dín ìbú rẹ̀ kù. Kò sí kọ̀ǹpútà olówó ńlá tó lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín.

Àǹfààní ńlá kan wà tí àwọn èèyàn kì í rò ó: sáfà yín wà nínú ọgbà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tíṣà lè máa gba Wi-Fi ilé-ìwé tẹ máàkì sórí 192.168.1.10 láìná dátà kankan.

Máàkì ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ fẹ́ tọ́jú, Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì kàn yín. Ẹ jẹ́ kí SSH gba kọ́kọ́rọ́ (fáìlì kan dípò ọ̀rọ̀ aṣínà) nìkan, PasswordAuthentication no, kẹ́ ẹ fi unattended-upgrades sí i kó máa gba àtúnṣe ààbò fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé phpMyAdmin (ojú ewé tí wọ́n fi ń darí MariaDB) síta láéláé. Ẹ fi ẹ̀rọ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ní ihò atẹ́gùn, kẹ́ ẹ tì í. Ohun tó kéré tó báyìí rọrùn láti kì bọ àpò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti gbogbo SSD pa, ó dára, àmọ́ ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá já. Èrò tiwa ni pé nílẹ̀ wa níbí, kẹ́ ẹ fi kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ẹ̀dà ìpamọ́ pa dípò rẹ̀.

Ẹ̀dà ìpamọ́ yẹn: lóròòru, mariadb-dump --single-transaction (tó ń da dátà MariaDB kọ sínú fáìlì), kí restic (ètò ẹ̀dà ìpamọ́) sì kó èyí àti àwọn fáìlì lọ sí díìsìkì USB kan àti sí ibì kan tí kì í ṣe inú ilé-ìwé. Fláàṣì tàbí díìsìkì tí owó rẹ̀ bá rọjú jù, ẹ fi f3write àti f3read dán an wò ná, torí ayédèrú tó kọ 1TB sára tí kò gba ju 32GB lọ pọ̀ lọ́jà. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ mú èsì ọmọ kan jáde láti inú ẹ̀dà náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó pé.

Ẹ má fi sáfà yìí ṣe ímeèlì. Àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì ilé lásán wà nínú ìwé àwọn tí a ò gbẹ́kẹ̀ lé káàkiri ayé, Gmail á máa da lẹ́tà yín sínú spam. Ẹ fi ímeèlì sílẹ̀ níbi tó wà. Ojú ewé àkọ́kọ́ tó ní nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì àti iye owó ilé-ìwé náà, ẹ fi í sí Cloudflare Pages tàbí GitHub Pages, ọ̀fẹ́ ni, kí òbí tó ń wá ilé-ìwé fún ọmọ rẹ̀ lè rí yín bí bátìrì bá tilẹ̀ ti tán. Èsì ìdánwò nìkan ni kó wà lórí kọ̀ǹpútà yín.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni sáfà wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ láyé, ẹ̀rọ NeXT tí Tim Berners-Lee lò ní CERN. Ó lẹ ìwé mọ́ ọn lára, ó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé sáfà ni o, kí ẹnikẹ́ni má pa á. Ẹ lẹ irú rẹ̀ mọ́ tiyín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ní pàtàkì fún ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì.

Kẹ́ ẹ tó fún òbí kankan ní àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ẹ fa wáyà iná kọ̀ǹpútà àti ráútà yọ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ dúró fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ bọ́ sí òdìkejì títì, ẹ pa Wi-Fi fóònù yín, ẹ fi dátà ṣí i. Bí kò bá ṣí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ padà sídìí bátìrì CR2032 àti ètò BIOS. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń wà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.